Iná Tó Wà Lára Kọ̀ǹpútà Àlòkù

Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà máa ń yọjú lójú fèrèsé yàrá kọ̀ǹpútà wọn, tí wọ́n á sì yí padà. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti darúgbó. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣí mọ́.

Elisha Ajíbádé ni olùkọ́ wọn. Ó gbọ́ pé obìnrin kan wà nítòsí Old Garage ní Òṣogbo tó ń jí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dìde. Salmah lorúkọ rẹ̀. Elisha lọ bá a.

"Ẹ̀rọ yín ò kú, tíṣà," ni Salmah wí. "Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e lórí ló ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká wá kọ̀ǹpútà ńlá kan tó lágbára, òun ni yóò máa ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Àwọn àgbà yìí á kàn máa fi ohun tó ń ṣe hàn lójú wọn ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa bá a sọ̀rọ̀?"

"Màá kó Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sínú fúláàṣì fún yín. Ẹ ki fúláàṣì kan bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tàn án. Inú fúláàṣì yẹn ni ẹ̀rọ á ti jí, á sì gba orí wáyà lọ bá kọ̀ǹpútà ńlá yẹn tó jẹ́ ìyá wọn."

Nígbà tí Salmah parí iṣẹ́ ní Iléṣà, àwọn ẹ̀rọ náà ń sáré bí ọmọdé. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Salmah ò rẹ́rìn-ín. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n fi so gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ iná ló ń wò.

"Tíṣà, fúláàṣì ò lè wo wáyà sàn o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn wọ́n títí oníná tó mọṣẹ́ á fi yẹ̀ wọ́n wò. Mi ò rò pé wáyà ẹ́ẹ̀tì wà nílé yìí, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ ilẹ̀."

"A máa pè é," ni Elisha dáhùn.

Kò pè é. Ìdánwò ti sún mọ́lé, inú àwọn òbí ń dùn, ọ̀gá àgbà sì ti ń mú àlejò wá wo yàrá náà.

Kò sí ọmọ tó fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tó Àdúràgbèmí. Làbákẹ́, ìyá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì. Òun nìkan ṣoṣo ni ìyá náà bí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà lọ bá Elisha.

"Sà, tí mo bá fọwọ́ kan irin ẹ̀rọ yẹn, ó ń ta mí."

"Wọ bàtà rẹ," ni Elisha wí. "Iná díẹ̀ ni, kì í pani."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ńlá rọ̀. Òrùlé jò, omi dúró sílẹ̀ yàrá náà. Bàtà Àdúràgbèmí ti rin gbingbin, ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ láti ki fúláàṣì bọ̀ ọ́.

Kò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin náà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Òkìkí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré dì í mú, iná sì gbé òun náà ṣánlẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ pa iná!" ni Elisha ń ké. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni wọ́n ti ń pa á, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Kí wọ́n tó rí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Orí kó Òkìkí yọ. Àdúràgbèmí kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Làbákẹ́ dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Kò sunkún. Ó dojú kọ Elisha.

"Ọmọ mi kì í dákẹ́ bí nǹkan bá ń ṣe é. Ṣé ó sọ fún yín?"

"Ó sọ fún mi, mà."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà ṣubú lulẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Salmah mú oníná wá. Wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ náà lójú àwọn òbí.

"Kì í ṣe èyí tí ọmọ náà fọwọ́ kàn ló bàjẹ́," ni Salmah wí. "Èyí tó wà ní igun ọ̀hún ni wáyà inú rẹ̀ bó, tó ń kan irin. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n yìí so irin gbogbo wọn pọ̀, kò sì sí ẹ́ẹ̀tì tó máa gbé iná náà lọ. Bí ọ̀kan ṣe gbaná, gbogbo wọn ló gbaná."

Baba kan béèrè pé, "Ṣé ká kó wọn dànù ni?"

"Rárá, bàbá. Wọ́n wúlò. Àyẹ̀wò ni a ò ṣe."

Elisha kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Títí di òní, Làbákẹ́ kì í gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ náà kọjá.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ó dára kí á fi fúláàṣì sọ kọ̀ǹpútà àlòkù di ohun tí ọmọ lè fi kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó jókòó sídìí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníná tó kọ́ṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú àti lóde, kí ó sì rí i dájú pé ẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì, òun ló so ẹ̀rọ mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tan ẹ̀rọ níbi tí omi wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ibi tí a ti ń pa iná, ẹ má sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Bí kò bá ṣeé pa, igi gbígbẹ ni kí ẹ fi tì í kúrò.

Ọmọ tó bá sì wá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ń ta òun, ẹ gbà á gbọ́.