Ọkùnrin Tó Dìde Lọ́jọ́ Ìbúra

Ọwọ́ mi kún fún ọ̀rá irun lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Onídìrí ni mí. Mo fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀, mo sáré lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìlà gùn débi pé ó yí ilé náà po. Èmi wo ìlà, mo bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó di iwájú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò dáadáa," ọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ẹ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ ni?" Bàbá mi ń díje du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lára gbogbo ògiri àdúgbò.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ bàbá ẹnì kankan."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo rọra padà sẹ́yìn.

Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rọ ò gba ìka mi. Ọ̀rá ti dí i! Ọkùnrin yìí mú aṣọ funfun kan, ó ń nu ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ẹ̀yin èèyàn mi o! Mo ń gbàdúrà pé kí ẹ̀rọ tún kọ̀ ọ́.

Ẹ-Tò-Dáadáa ni mo sọ ọ́. Bó bá ti ṣíwọ́, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, a ó jọ máa tàkúrọ̀sọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni àjọ elétò ìdìbò wọn yìí ń ṣe gan-an.

"Ẹni tó bá wọlé, ayọ̀ ti tó fún un," ló ní. "Ẹni tó fìdí rẹmi ni iṣẹ́ wa wà fún. Àwa la ó ṣe é débi tí òun náà á fi gbà pé òótọ́ ni."

Háà! Mo gbé kóòmù dání, mi ò lè fi ya irun mọ́.

Nígbà tí mo mú un lọ sílé, Àǹtí Ẹlẹ́nu, àbúrò bàbá mi, fò dìde. "Ọkọ wa dé! Ọlọ́run ló rán ọ!" Bàbá mi fún un ní àga tirẹ̀. Inú mi dùn, mi ò mọ̀ pé ìdí mìíràn ló wà ńbẹ̀.

Ó lọ tán ni Àǹtí bá ní, "Òun ló máa ka ìbò àdúgbò wa o! A ti ní èèyàn nínú wọn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, mi ò fẹ́ kí ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó ti yẹ kí n ti sọ̀rọ̀," ló wí. "Olólùfẹ́ mi, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ ṣe."

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò búra pé àwọn ò ní ṣe èrú, gbogbo olùdíje ló wà ńbẹ̀, èmi àti Àǹtí sì tẹ̀lé bàbá mi lọ. Ọ̀gá wọn, obìnrin gíga kan, béèrè pé ta ló ní àjọṣe pẹ̀lú olùdíje kankan. Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè ẹ̀ nìyẹn, kì í sí ẹni tó ń dáhùn.

Ẹ-Tò-Dáadáa dìde.

"Èmi ni, mà. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ olùdíje tó jókòó níbẹ̀ yẹn, mo sì fẹ́ fi í ṣe aya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi kúrò ní agbègbè yìí."

Orí mi wú. Èmi, onídìrí, ni ẹnì kan dárúkọ ìfẹ́ mi níbi ìbúra! Wọ́n ní kó lọ sí abúlé kan létí odò, níbi tí mọ́tò kì í dé.

Bàbá mi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí i. "O dójú tì mí! Ọmọ mi tí ò ń wò yẹn, o ò ní fẹ́ ẹ."

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!" Àǹtí fi tirẹ̀ kún un.

Ó tẹrí ba fún wọn. "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó yíjú sí mi. "Mi ò lè fi èrú fẹ́ ọ." Ó bá lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìdìbò dé. Bàbá mi wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi ju alátakò rẹ̀ lọ. Ọ̀gá àwọn elétò ìdìbò ò tíì ka èsì tán tí ariwo fi sọ ní gbọ̀ngàn.

"Èrú! Àna rẹ̀ ló bá a ṣe é!" Àwọn kan lára ọmọlẹ́yìn alátakò ti ń gbé àga sókè. Mo di apá bàbá mi mú, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àfi bí alátakò fúnra rẹ̀ ṣe dìde, oníbúrẹ́dì kan tí ohùn rẹ̀ dún ju agogo lọ.

"Ẹ gbé àga sílẹ̀! Ṣé ojú mi kọ́ ni ọmọkùnrin yẹn ṣe dìde tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ? Àna wo ló wá kù níbí? Ó dùn mí o, ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo ti fìdí rẹmi."

Ó wá bọ bàbá mi lọ́wọ́. Gbogbo àga padà sílẹ̀. Mo rí i pé omi ń dà lójú bàbá mi, ohun tí mi ò rí rí láyé mi.

Ẹ-Tò-Dáadáa dé lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ọkọ wa dé!" Àǹtí Ẹlẹ́nu kígbe. Kò tilẹ̀ tì í lójú!

Bàbá mi jáde, ó wò ó títí.

"Mo fẹ́ kó o fún mi ní ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, o ò fún mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi tó o fẹ́ràn wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó bá jẹ́ ti ọmọ mi, o ò ní fún ẹlòmíràn. Mo fi ọmọ mi fún ọ. Ṣùgbọ́n bi òun náà o, ìbò tirẹ̀ ló kù."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo kàn lọ bá a níbi tó dúró sí, mo dì mọ́ ọn níwájú bàbá mi, tòun ti ẹrẹ̀ ara rẹ̀.