Ẹnu Bàbá Ewaz

Tòmátì ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan, Gulandam, kọ́kọ́ rí i. Ó dúró nínú ọjà Dandenong nílùú òyìnbó ní òwúrọ̀ Sátidé, ó di àpò ìrẹsì mọ́ àyà, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn bí eyín ṣe dun òun títí òun fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó parí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Gulandam ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó fi èdè Hazara tiwa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tòmátì ti dá yín lóhùn?"

Ojú ti ọkùnrin náà, àmọ́ kò sá. Sakhidad lorúkọ rẹ̀, ẹran ló ń gé nílé iṣẹ́. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Gẹ̀ẹ́sì òun ti dúró sójú kan. Òun ti ka ìwé gírámà mẹ́ta tán, síbẹ̀ bí ọ̀gá bá bi òun ní nǹkan, ahọ́n òun á wúwo. Ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìtàn kékeré kan lọ́sẹ̀, tí òun ń sọ ọ́ sókè títí tó fi mọ́ òun lẹ́nu, ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde.

"Ẹ kì í kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀ nínú ọkàn?"

"Kí n tó túmọ̀ ẹ̀ tán, bọ́ọ̀sì ti lọ."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé nídìí tòmátì. Kí òtútù ọdún náà tó lọ, wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn débi pé ẹni tó ń ta tòmátì gan-an mọ̀. Ọkọ Tòmátì ni Gulandam ń pè é.

Sakhidad rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ tọrọ Gulandam lọ́wọ́ Bàbá Ewaz, bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ọmọ kì í fẹnu sọ pé òun gbà. Àwo súìtì ni yóò fi aṣọ tó lẹ́wà dì, yóò gbé e fún àwọn àna. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Bàbá Ewaz fún wọn ní tíì lásán. Àwọn aládùúgbò ní torí pé ọmọkùnrin náà ń gé ẹran ni. Ẹnu wọn ò kúkú ń sinmi.

Gulandam sunkún sọ òtítọ́ fún olólùfẹ́ rẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni Bàbá ò fẹ́. Ọkàn ń dà wọ́n láàmú, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ fún dókítà. Gbogbo ohun tí dókítà ń sọ ló ń yé wọn, èsì ni wọn ò lè fọ̀. Tí mo bá lọ sílé ọkọ, ta ni yóò jẹ́ ẹnu wọn?"

Ó yẹ kí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ máa yẹra fún bàbá ọmọ. Sakhidad ò yẹra. Ó lọ bá bàbá náà níbi tó ti ń jókòó lẹ́yìn ìrun Àsárì, kò dárúkọ ìgbéyàwó rárá. Ó ní kí bàbá ṣáà bá òun gbọ́ ìtàn eyín òun, kí wọ́n wo ibi tó kù sí. Bàbá Ewaz gbọ́ ọ, ó tún ibì kan ṣe. Inú rẹ̀ dùn, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi í ṣe olùkọ́.

"Ó ku tiyín, Bàbá."

Ìtàn àyà tó dùn ún lórí àtẹ̀gùn ni bàbá mú. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí bàbá bá ṣìnà, Sakhidad á ní kó má padà sẹ́yìn, kó ṣáà máa lọ. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, Gulandam gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sọ ti àyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n sún ọjọ́ tí òun fẹ́ rí dókítà síwájú. Ni wọ́n bá bi í ní ohun tí kò tíì fi dánra wò. Gulandam na ọwọ́ láti gba fóònù, bàbá gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó bẹ ẹni náà kó rọra tún un sọ, ó sì dá a lóhùn.

Ó gbé fóònù sílẹ̀, òógùn bò ó. "Wọ́n gbọ́ mi," ló wí.

Ọkàn Gulandam fúyẹ́. Kò mọ̀ bó ṣe wúwo tó tẹ́lẹ̀.

Bàbá nu ojú. "Aṣọ pupa ìyá rẹ, ṣé ó ṣì wà nínú àpótí?"

"Ó wà, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ fi dì?"

"Súìtì. Ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé Ọkọ Tòmátì, kí wọ́n wá mu tíì lọ́jọ́ Sọ́ńdè."