Fúúsì Kì í Ṣe Ìṣó

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí káfíńtà kan nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tán. Ìyàwó rẹ̀ ti kó omi mímu àti káàdì ilé ìwòsàn sínú báàgì. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń rọra kọrin sínú. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ yìí. Àìsàn ti pa ojú ọ̀tún màmá, tòsì nìkan ló kù. Dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ kò lè dá èyí tó ti lọ padà; èyí tó ṣẹ́kù ló fẹ́ dì mú. Aago méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ débẹ̀, ọ̀nà wákàtí kan àbọ̀ sì ni.

Káfíńtà tan iná iwájú ọkọ̀. Méjèèjì mọ́ rekete, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ rí màbo lórí iná yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, fúúsì iná náà ló máa ń bá ní jíjá: ike pupa tí kò ju èékánná lọ, tí wọ́n kọ mẹ́wàá sí lára. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún já. Nígbà kẹta, inú bí i. Ó ṣá ọ̀kan tó láwọ̀ ewé láàárín àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọgbọ̀n sí lára, ó tì í bọ̀ ọ́.

Ó ní bí ìṣó bá ń tẹ̀, èyí tó nípọn jù ú lọ lèèyàn ń kàn. Ìyàwó rẹ̀ ní ṣé kò yẹ kí wọ́n fi han oníwáyà, ìyẹn ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní oríta. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní onítọ̀hún á tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀ bí ẹni ń wá owó ẹyọ tó bọ́ sínú àga. Láti ọjọ́ náà, iná kò kú mọ́.

Wọ́n ti rìn tó ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ni iná iwájú méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà. Òkùnkùn bò wọ́n bí ẹni da aṣọ bo èèyàn lórí. Káfíńtà kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó rọra ń tẹ bíréèkì títí táyà fi kan iyanrìn ẹ̀gbẹ́ títì. Ó tan iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú, ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì iná, kò tàn. Ó pààrọ̀ gílóòbù, kò tàn. Ó ṣí àpótí fúúsì, fúúsì aláwọ̀ ewé náà sì wà bó ṣe wà, kò já. Èyí ló bí i nínú jù. Ó ń bá ọkọ̀ wí bí ọmọ olórí kunkun. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi fóònù tanná fún un. 

Màmá pè é láti inú ọkọ̀. “Ọkọ ọmọ mi, ṣé ojú ọkọ̀ náà ló fọ́?”

“Kò fọ́, mà. Agídí ló ń ṣe.”

“Bó bá fọ́, kó lọ tò sẹ́yìn mi nílé ìwòsàn. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba káàdì.”

Ìyàwó káfíńtà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ṣùgbọ́n àkókò ń lọ. Káfíńtà ní kí wọ́n máa yọ́ lọ, kí ìyàwó òun na iná fóònù síta lójú fèrèsé.

“Iná tí mi ò lè fi rí ẹsẹ̀ ara mi?” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ojú kan lẹ fẹ́ gbà là, ẹ̀mí mẹ́ta lẹ wá fẹ́ fi dúró.”

Káfíńtà wọnú ọkọ̀. Ó nawọ́ tan iná lẹ́ẹ̀kan sí i, òórùn ike tó ń jóná sì gba inú ọkọ̀ kan. Èéfín yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pa ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ fa màmá jáde, wọ́n lọ dúró lókèèrè. Káfíńtà fi àkísà di ọwọ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà orí bátìrì. Èéfín náà rọlẹ̀.

Kò sí ọkọ̀ tó dúró fún wọn. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé màmá àti ọmọ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò kanra mọ́ wọn rárá. Ó kàn ní ẹlòmíràn ti wọlé dípò wọn, ó sì kọ ọjọ́ mìíràn fún wọn: ọ̀sẹ̀ méje sí i.

Ní àkókò yẹn, káfíńtà wà ní ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú oníwáyà tó fi fóònù pè wá, ó sì ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni fúúsì já. Ọkùnrin náà ń fi ìka tẹ̀ lé wáyà tó ti yọ́ mọ́ra, títí ó fi dé ẹ̀yìn iná apá òsì. Ó dúró, ó bèèrè ẹni tó de síkúrúù pákó síbẹ̀.

Káfíńtà kò lè wò ó lójú. Òun ló dè é ní oṣù tó kọjá, nígbà tí iná náà ń mì. Ẹnu síkúrúù náà ti gba inú irin kọjá, ó sì ti bó ara wáyà.

“Ọ̀gá káfíńtà,” ni oníwáyà wí, “fúúsì kì í ṣe ìṣó. Iṣẹ́ ìṣó ni kó má ṣẹ́. Iṣẹ́ fúúsì ni kó já. Bí iná bá pọ̀ ju agbára wáyà lọ, òun ló ń kọ́kọ́ kú kí ọkọ̀ má baà jóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú nítorí yín. Ẹ wá fi èyí tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó kú rọ́pò rẹ̀.”

Káfíńtà bi í bí èèyàn ṣe lè mọ̀. Oníwáyà ní bó bá jẹ́ iná apá kan ló kú, gílóòbù ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Bí méjèèjì bá kú pọ̀, kó lọ wo fúúsì. Bó bá ti já, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìdérí àpótí náà gan-an ni kó fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí tuntun bá tún já, kó má fi òmíràn síbẹ̀ mọ́. Wáyà kan ti bó níbì kan, kó wá a. Bí fúúsì kò bá sì já, kó wo ibi tí wọ́n ti ń tan iná, kó wo wáyà tí wọ́n so mọ́ irin ara ọkọ̀, bóyá ó ti dípẹtà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà nígbà tí ọ̀sẹ̀ méje pé, ó sì yọrí. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn, díẹ̀ ti lọ lára ìwọ̀nba tí màmá ń rí. Káfíńtà bi dókítà léèrè bóyá ìdúró náà ló fà á. Dókítà ní òun kò lè búra pé ìdúró náà ni, òun kò sì lè búra pé kì í ṣe ìdúró náà. Màmá kò bá káfíńtà wí lọ́jọ́ kan. Àmọ́ bó bá wọlé báyìí, màmá á gbé ojú sókè, á ní, “Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, mà.”

“Èmi wo?”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú lójú ọ̀nà. Ẹ ṣí àpótí fúúsì yín lọ́sàn-án òní, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí. Bí ẹ bá bá èyí tó tóbi jù, tàbí tí ẹnì kan ti fi bébà dídán inú páálí sìgá tàbí wáyà lásán dí àyè rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì wá ohun tó fà á. Fúúsì tó ń já léraléra ń sọ̀rọ̀ ni. Kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó rí.