Ta Ló Gbé Ìwé Adájọ́?

Páálí ìwé méjì ló pòórá nínú yàrá ìkówèésí ilé-ìwé náà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Fèrèsé kò fọ́. Àjà kò lu. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lórí ìṣó tó máa ń wà. Ṣùgbọ́n ìwé ti lọ bí iyọ̀ tó bọ́ sómi.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti rí olè kó tó pe ọlọ́pàá. Ohun tó kọ́kọ́ bí Sájẹ́ǹtì nínú nìyẹn.

"Ìmọ̀ ni fìtílà, Sájẹ́ǹtì," ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Ẹni tó bá sì jí fìtílà gbé lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú òkùnkùn..."

"Ta lẹ mú?" ni Sájẹ́ǹtì wí.

Obìnrin ni Sájẹ́ǹtì. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ti gbọ́ irọ́ lóríṣiríṣi. Irọ́ ṣókí kì í dà á láàmú. Èyí tí wọ́n bá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín ló máa ń ṣọ́.

Ọ̀gá ní ọmọbìnrin kan ni àwọn mú, ní kíláàsì àṣekágbá. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé-ìwé fi ń pè é ní Ọmọ Télọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ni wọ́n bá nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀gá ti mú un gun orí pèpéle níbi àpéjọ àárọ̀, ó sì ti pè é ní olè lójú gbogbo ayé. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, yóò lé e. Ìdánwò àṣekágbá yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò bá ní ilé-ìwé kò lè jókòó ṣe ìdánwò náà. Ọlọ́pàá tí ọ̀gá pè yìí, kí ó dẹ́rù ba ọmọ náà ni, kó lè jẹ́wọ́ ibi tí ìyókù wà.

"Irú ìwé wo ni?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

Eré oníṣe Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ni, lórí adájọ́ tí wọ́n mú àbúrò rẹ̀ wá síwájú rẹ̀ nítorí pé ó pààyàn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé yìí, kò sì sí ẹ̀dà kan ṣoṣo rẹ̀ nínú ọgbà. Tíṣà lítíréṣọ̀ ló kọ ìwé pélébé kan tó fi sọ ìtàn náà, òun ni àwọn ọmọ ń kà. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan gbọ́, àánú ṣe é, ó ra ojúlówó ìwé náà ránṣẹ́. Lánàá ló dé. Láàárọ̀ yìí ni wọn ì bá pín in.

Sájẹ́ǹtì gba ìwé tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì dìde kí ọ̀gá tó padà sórí ọ̀rọ̀ fìtílà.

Olùtọ́jú ìwé ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó fi orí àwọn ọmọ rẹ̀ búra pé òun tilẹ̀kùn. Àmọ́ inú yàrá àwọn tíṣà ni ìṣó kọ́kọ́rọ́ wà, ẹni tó bá wù ú lè mú un. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì bi í pé níbo ló wà nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ parí, ó bojú wo bàtà rẹ̀. Ó ń sùn ni. Gbogbo ọ̀sán ló máa ń sùn, kò sí ẹni tí kò mọ̀.

Ó ní Ọmọ Télọ̀ ló bá òun tú okùn páálí lánàá. Mísì tó ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yọjú, ó pòṣé, ó lọ. Tíṣà lítíréṣọ̀ náà wọlé, ó mú ọ̀kan, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó sì kà á láti ẹ̀yìn.

"Láti ẹ̀yìn?"

"Ojú ewé tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ṣí, mà. Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé e sílẹ̀, ó jáde."

"Kí ló sọ?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ họrí. "Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá kí i ẹ káàárọ̀, ẹ máa wá àga jókòó kó tó dáhùn tán."

Sájẹ́ǹtì fi ìyẹn sọ́kàn.

Mísì kò sá fún ọ̀rọ̀. Gbogbo yàrá àwọn tíṣà ló gbọ́ ọ tó ń sọ pé kí ìjẹrà jẹ àwọn ìwé náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ gba kíláàsì lítíréṣọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. "Mo sọ ọ́," ni Mísì wí, "mo sì tún lè sọ ọ́." Ó ní àwọn ọmọ lè sunkún nítorí adájọ́ tó ti kú tipẹ́, wọn ò sì lè kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta pé páìpù omi bẹ́ ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Sájẹ́ǹtì létí. Mísì wá mú àpẹẹrẹ lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ wọn jáde. Ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ kún ojú ewé àkọ́kọ́. Ojú ewé kejì ni Sájẹ́ǹtì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí páìpù. Omi ì bá ti gbé àdúgbò lọ.

Ṣùgbọ́n báàgì ìfàlọ́wọ́ nìkan ni Mísì gbé lọ sílé lánàá. Inú bọ́ọ̀sì kan náà ni òun àti àwọn tíṣà mìíràn jọ wọ̀, wọ́n sì jẹ́rìí sí i.

"Tíṣà lítíréṣọ̀ yẹn ńkọ́?" Sájẹ́ǹtì béèrè. "Iṣẹ́ rẹ̀ dáa?"

Mísì rẹ́rìn-ín. "Gbólóhùn? Ẹ lọ wo iṣẹ́ àwọn ọmọ lójú fèrèsé rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti débí, kò máàkì àròkọ kan rí."

Gbólóhùn ni orúkọ tí àwọn ọmọ fún un. Ó ga, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ rìn, ó sì ń fi hánkáṣíìfù nu iwájú orí tí kò làágùn. Kì í gbé nǹkan fúnra rẹ̀. Ọmọ kan gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé e, òmíràn mú gíláàsì ojú rẹ̀ dání, ẹ̀kẹta gbé ìwé pélébé. Lójú fèrèsé kíláàsì, ìwé àròkọ àwọn ọmọ ga dé àárín gíláàsì. Eruku tó wà lórí rẹ̀ tó kọ orúkọ sí, aláǹtakùn sì ti fi òwú rẹ̀ so òkìtì náà mọ́ férémù.

Ó sọ̀rọ̀. Ó pe Sájẹ́ǹtì ní ìyá òfin, ó pe ìwé tó sọnù ní oúnjẹ ọkàn, ó pe olè ní ikán. Sájẹ́ǹtì ní kó sọ ìparí ìtàn náà fún òun. Ojú ọkùnrin náà dán.

"Adájọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga," ó wí, "ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì dárí jì í..."

"Omijé àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan ṣoṣo," ni gbogbo kíláàsì fi ohùn kan parí rẹ̀, bí ẹni ń ka àdúrà oúnjẹ.

Gbólóhùn ní òun ti ka ojú ewé yẹn títí omijé òun fi pa lẹ́tà ibẹ̀ rẹ́. Sájẹ́ǹtì bi í pé nínú ẹ̀dà wo. Ó ní tòun ni, nílé. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì ní kí àwọn lọ wò ó, ó rántí pé ó ti sọnù nígbà tí òun ń kó ilé.

Ọmọ Télọ̀ wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kàn ń wo Sájẹ́ǹtì bí ẹni ń wo dókítà.

"Mo mú un, mà," ọmọ náà wí. "Mi ò tọrọ rẹ̀. Mo fẹ́ dá a padà láàárọ̀ ni."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ṣí i nígbà tá a ń tú páálí. Mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Mo kà á tán."

Sájẹ́ǹtì fa àga súnmọ́ ọn. "Kí ni adájọ́ ṣe fún àbúrò rẹ̀?"

Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní kí wọ́n yẹgi fún un, mà. Kò sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Kò sunkún. Ó kàn béèrè bóyá oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀."

"O ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo lọ bá tíṣà wa láàárọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ìwé méjì ló wà ni. Wọ́n ní kí n máa lọ sí àpéjọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú báàgì mi."

Sájẹ́ǹtì jáde, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ìwé jáde nínú báàgì, ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ní ẹ̀gún bí igbó, ó pọn án lójú díẹ̀. Àmọ́ okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn ènìyàn kò fara pamọ́ ní èdè kankan. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Ó pe olórí kíláàsì, ó bi í pé kí ni wọ́n bá tíṣà wọn gbé lánàá. Ọmọbìnrin náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn bíi mélòó kan ló gbé àpò ìwé àròkọ àwọn sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí. Tíṣà ti di ẹnu àwọn àpò náà pa. Wọ́n wúwo débi tí ọrùn fi ń ro àwọn. Tíṣà ní òun fẹ́ máàkì wọn kí ìdánwò tó dé.

"Kò sì yà yín lẹ́nu?"

"Ó yà wá lẹ́nu, mà. A rò pé wọ́n ti ronú pìwà dà ni."

Ní ọ́fíìsì ọ̀gá, Sájẹ́ǹtì kó gbogbo wọn jọ. Ó gbé ìwé lé tábìlì. Ó ní kí Gbólóhùn mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá.

Gbólóhùn dìde, ó gbọ́wọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa iyì àti ọlá iṣẹ́ olùkọ́. Ó ní inú búùtù òun, iṣẹ́ àwọn ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Iṣẹ́ àwọn ọmọ wà lójú fèrèsé," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn. "Aláǹtakùn ti gbà á lọ́wọ́ yín. Kí wá ni àwọn ọmọ gbé?"

Gbólóhùn jókòó.

Wọ́n ṣí búùtù. Ìwé adájọ́ kún inú àwọn àpò náà dẹ́nu, tuntun ni gbogbo wọn. Lójú gbogbo ilé-ìwé ni wọ́n ti gbé e jáde lánàá, lórí àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn rà á gan-an. Páálí òfìfo wà lẹ́yìn kọ́ńbọ́ọ̀dù nínú yàrá àwọn tíṣà, Gbólóhùn ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Sájẹ́ǹtì bi í pé kí ló dé tí kò dáná sun wọ́n tàbí kó dà wọ́n nù láti àná. Gbólóhùn wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí ọmọ kíláàsì nílé tí yóò bá a gbé wọn sọ̀kalẹ̀.

Mísì bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì wò ó, ó sì yíjú padà sí Gbólóhùn.

"Ẹ sọ ìdí rẹ̀," Sájẹ́ǹtì wí. "Ṣókí."

"Mi ò kà á rí." Ohùn Gbólóhùn ti tinrín. "Bí tíṣà tó kọ́ mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pélébé."

"Òun kà á?"

"Mi ò bi í."

Ọ̀gá ilé-ìwé mí kanlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Gbólóhùn ni òun náà tẹ́lẹ̀. Mélòó ni àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ dídì-mọ́ra àti omijé sínú ìdánwò, tí òdo sì bá wọn bọ̀? Lọ́dọọdún, Gbólóhùn a ní àwọn tó ń máàkì kò ní ọkàn.

"Ìtìjú ìwé ti yé mi," Sájẹ́ǹtì wí. "Ọmọ yìí ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé kò jalè. Ẹ jókòó sórí pèpéle, ẹ ń wò nígbà tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín."

Gbólóhùn la ẹnu, ọ̀rọ̀ dídùn kò wá. Èyí tó wá ni òtítọ́. "Òun nìkan ló ti kà á. Mo rò pé tó bá lọ kí ọjọ́ Ajé tó dé, kò ní sí ẹni tó máa sọ ọ́."

Ìyá ọmọ náà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó ká a mọ́wọ́. Ó ní ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ ṣeun.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún Sájẹ́ǹtì pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, pé kí wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Sájẹ́ǹtì ní orí ọmọ ti wọ́, àgbà tó wà lọ́jà náà ló sì wọ́ ọ. Ó mú Gbólóhùn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní kó gbé àpò ìwé kan dání gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kí wọ́n tó dé géètì, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà mélòó kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá gun orí pèpéle pẹ̀lú bébà tó kọ tojú tẹ̀yìn. Sájẹ́ǹtì dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́. Ọ̀gá wo ọwọ́ náà. Ó fún un ní bébà.

"Ọmọ Télọ̀ kò jalè," ọ̀gá wí. "Ó mú ìwé kan lọ kà. Èmi ni mo pè é ní olè, mi ò sì wádìí. Mo jẹ̀bi. Yóò ṣe ìdánwò rẹ̀."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ìyókù ọ̀rọ̀. Kò sí ìyókù.

Nígbà tí Ọmọ Télọ̀ wọ kíláàsì, wọ́n ti pín ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Wọ́n ń fà á láṣọ, wọ́n ń bi í pé ṣé lóòótọ́ ni adájọ́ kò dárí jì í, kí ló wá ṣẹlẹ̀, kó sọ ọ́ kíákíá kí Mísì tó dé.

Ó jókòó, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

"Ìwé ló wà lọ́wọ́ yín yẹn," ó wí. "Ẹ kà á."