Ẹ̀jẹ̀ Andrew, Orúkọ Gbádéyan

Ó ti rẹ Gbádéyan. Kì í ṣe àárẹ̀ ọ̀nà o, nítorí ọdún kẹfà rèé tó ti ń fi ọkọ̀ Gọ́ọ̀fù kó èrò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọja, ọ̀nà yẹn kò sì rẹ̀ ẹ́ báyìí rí. Irọ́ ló rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ru irọ́ ńlá rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀, kò sì ṣeé gbé sùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ Lájídé dìde lẹ́yìn orin, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka ìkéde.

"Ìjọ Ọlọ́run, Arákùnrin Gbádéyan, ọmọ ìjọ wa, àti Arábìnrin Moyinolúwa, akọrin wa láti Òkè-Bùkún, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kó wá sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kíní nìyí. A óò kà á lẹ́ẹ̀mẹta."

Ìjọ dákẹ́. Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Moyinolúwa wà láàrin àwọn akọrin, ó tẹrí ba, ìtìjú ayọ̀ bò ó. Nínú gbogbo ilé ìjọsìn yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ ìdí, ẹni náà sì jókòó sí ìlà iwájú nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òógùn ń bò ó. Gbádéyan fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí náà fún yín.

Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Èkìnrìn-Àdé, ọmọlúwàbí ènìyàn ni, ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ ọmọ ba ọkọ̀, tí owó díẹ̀ ń wọ àpò, ó ní ayé kò ju báyìí lọ. Ó ní ọ̀rẹ́bìnrin kan ní Lọ́kọja, ó ní òmíràn ní Ẹ̀gbẹ́, àwọn kan sì wà tí kò mọ orúkọ wọn. Bí ẹnìkan bá dárúkọ rọ́bà ìdáàbòbò fún un, á ní ti àwọn ojo nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wá sí ìjọ, á sì kọrin ju àwọn tó mọ orin lọ. Ṣé ẹ mọ irú wọn? Ẹ má dáhùn.

Ní ọdún tó ṣáájú ìkéde yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń la àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́yẹ̀ nípa HIV gbé tábìlì kalẹ̀ sí gáréèjì Kàbà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣọlá gún Gbádéyan lọ́mọ ìka, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó ní kó dúró. Àwọn awakọ̀ ń bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rọra sọ fún un pé kòkòrò náà wà lára rẹ̀. Ó ní kó jókòó káwọn jọ sọ̀rọ̀, ó ní oògùn wà. Gbádéyan kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó kó sínú ọkọ̀, ó sì wà á lọ láìgbé èrò kankan.

Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ra àgbo kíkorò kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó pé òun ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́. Kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́ púpọ̀, kò kàn fẹ́ gbọ́ òmíràn ni.

Nígbà yẹn, òun àti Moyinolúwa ti ń fẹ́ra wọn fún ọdún kan. Olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni Moyinolúwa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ pé òun kò ní mọ ọkùnrin àfi tí òun bá délé ọkọ, orí ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì dúró sí. Nítorí náà, kòkòrò náà kò tíì ran ọmọbìnrin náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀.

Òfin ìjọ wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá kí wọ́n tó ka ìkéde. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ aráyé, a kúkú mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀yìn òfin kọjá. Gbádéyan lọ bá Andrew, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ ń ba òun lẹ́rù, kó bá òun lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Andrew fi í rẹ́rìn-ín títí. Ó lọ sí ilé àyẹ̀wò kan nílùú mìíràn, ó pe orúkọ Gbádéyan, ó na apá. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ìwọ ta ni. Ìwé jáde pé kò sí kòkòrò níbẹ̀. Pásítọ̀ Lájídé gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi í sínú fáìlì. Ẹ̀jẹ̀ Andrew, orúkọ Gbádéyan.

Wọ́n ka ìkéde kejì. Ìjọ tún dákẹ́.

Nígbà yẹn, ṣòkòtò Gbádéyan ti ń yọ̀ ní ìbàdí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì ń ní, "Ìyàwó kò tíì wọlé, o ti ń rù báyìí! Tó bá wá dé ńkọ́?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kódà ẹ̀rín gan-an ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá Moyinolúwa ránṣẹ́ pè é sí Òkè-Bùkún. Ó ṣí àpótí, ó sì yọ aṣọ kan tí ìyá tirẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun, tó ti tọ́jú láti ìgbà tí Moyinolúwa ti wà lọ́mọdé.

"Aṣọ yìí ni ìyàwó rẹ máa fi pọn àkọ́bí yín," ni ìyá náà wí. "Fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Wò ó bó ṣe nípọn."

Gbádéyan fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Ọmọ tí kò tíì sí láyé ló ń rò, bóyá òun yóò ti kó àrùn ran ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó fi aṣọ yẹn pọ̀n ọ́n. Ó ní èrò ń dúró de òun ní gáréèjì, òun gbọ́dọ̀ máa lọ. Irọ́ ni. Kò sí èrò kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìṣó wọ táyà rẹ̀, ó sì yà sọ́dọ̀ Ìbítóyè, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ìkòríta.

"Okun o, àbúrò," ni Ìbítóyè wí, bí wọ́n ti ń kíra wọn lágbègbè yẹn.

"Okun, Bọ̀dá."

Bí Ìbítóyè ti ń tú táyà, fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́jọ lù. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó mú oògùn kan ṣoṣo nínú ike, ó sì fi omi inú ọ̀rá gbé e mì lójú gbogbo ayé.

"Kí lẹ lò yẹn, Bọ̀dá? Ibà ni?"

"Ibà kọ́. HIV ni. Ọdún kẹsàn-án rèé."

Bí ẹni ń sọ pé ìṣó wọ táyà ló ṣe sọ ọ́. Gbádéyan wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bọ̀dá! Ẹ rọra sọ̀rọ̀!"

"Kí ló dé? Ta ni kò mọ̀ ní ìkòríta yìí? Ọdún kan gbáko ni mo fi bò ó mọ́ra, bíbò yẹn ló sì fẹ́ pa mí."

"Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ?"

"Kò sí lára ìyàwó mi, kò sì sí lára àwọn ọmọ méjèèjì. Mo ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ wọn kì í rí i mọ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó bá wà bẹ́ẹ̀, mi ò lè kó o ran ìyàwó mi." Ó tẹ táyà bọ omi, ó ń wá ibi tó ń jò. "Ṣùgbọ́n mo sọ fún un kó tó fẹ́ mi o. Mo jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó fẹ́ yàn."

 Gbádéyan jókòó lórí táyà àlòkù kan. Ó ní, "Bọ̀dá Ìbítóyè, ó ti rẹ̀ mí." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú jáde. Ó ka gbogbo rẹ̀: gáréèjì, àgbo, Andrew, fáìlì pásítọ̀, títí dé orí aṣọ inú àpótí.

Ìbítóyè kò bú u. Ó mí kanlẹ̀.

"O rán ẹ̀jẹ̀ Andrew níṣẹ́ kó lọ dúró fún ọ. Ó dúró lóòótọ́. Ṣé ó wò ọ́ sàn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó lè dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ?"

Gbádéyan mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló lè dúró fún ènìyàn níwájú Ọlọ́run, àbúrò, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni. Kò sì ní ká fi òun tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó mọ gbogbo ohun tó wà nínú tìrẹ kó tó ta tirẹ̀ sílẹ̀. Adẹ́tẹ̀ tí gbogbo ìlú ń sá fún, ó na ọwọ́, ó fi kàn án. Kì í lé ẹni tí ó ti rẹ̀ dànù. Àmọ́ kì í bá ènìyàn gbé irọ́."

"Tí mo bá jẹ́wọ́, Moyinolúwa á kọ̀ mí."

"Ó lè kọ̀ ọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, irọ́ tó wà nílẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n tó bá kọ̀ ọ́, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á sì le."

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Gbádéyan kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, láàrin àwọn táyà. Kò rí ọ̀rọ̀ ńlá kankan sọ. "Jésù, ó rẹ̀ mí. Mo purọ́. Mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ojú ń tì mí. Ṣàánú mi, gbà mí, mi ò ní bò ó mọ́." Òun náà nìyẹn. Ilẹ̀ kò mì, àrá kò sán. Ṣùgbọ́n àyà tó ti ń já fún oṣù mẹ́jọ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Ìbítóyè ti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣọlá ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìwọ lo sá ní gáréèjì! Káàbọ̀, jókòó." Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn láìgba kọ́bọ̀, wọ́n ní kó máa lo ọ̀kan lóòjọ́, kó má fo ọjọ́ kankan, kó sì jìnnà sí àgbo. Nígbà tó délé, ó da àgbo náà nù.

Ọ̀rọ̀ Moyinolúwa ló le jù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sọ ọ́ fún un lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, kò sì yọ Andrew sílẹ̀.

Moyinolúwa kò kọ́kọ́ sunkún. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọdún tó kọjá."

"O mọ̀, o sì ń wò mí tí mò ń tẹrí ba nínú akọrin tí wọ́n ń ka orúkọ mi." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gbádé, ká ní o sọ fún mi ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n èmi ni ǹ bá yàn án. O yàn án fún mi." Ó bọ́ òrùka àdéhùn wọn, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì wọlé. Láti ojú fèrèsé ni Gbádéyan ti gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó dùn ún débi egungun.

Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Pásítọ̀ Lájídé pé kó fún òun ní ìwé inú fáìlì. Nígbà tí bàbá náà gbọ́ tán, ó bọ́ awò ojú, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ìwé ni mo béèrè, mi ò béèrè ènìyàn." Ó gbàdúrà fún un pẹ̀lú ọwọ́ lórí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, wọn kò ka ìkéde. Orin tán, pásítọ̀ sì lọ sórí ìwàásù tààrà. Ìjọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àlàfo kan wà láàrin akọrin. Gbádéyan jókòó sáàyè rẹ̀, kò sá. Nígbà tó délé lọ́sàn-án, oorun gbé e lọ lórí àga, oorun tí kò rí sùn láti oṣù mẹ́jọ.

Oṣù keje rèé báyìí. Ara rẹ̀ ti padà, ẹ̀rọ kò sì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò dá oògùn dúró. Andrew náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò, orúkọ ara rẹ̀ ló pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Moyinolúwa wá sí gáréèjì. Ó ní òun fẹ́ fi ẹnu ara òun bá Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣọlá sọ̀rọ̀. Ó wọ Gọ́ọ̀fù náà, ó jókòó sẹ́yìn bí èrò. Gbádéyan rọra wa ọkọ̀. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn yóò já sí. Àwọn náà kò tíì mọ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ìwọ náà lè má mọ̀. Lọ ṣe àyẹ̀wò, fi orúkọ ara rẹ lọ. Bí kòkòrò náà kò bá sí níbẹ̀, pa ara rẹ mọ́, má fi ẹ̀mí rẹ ta tẹ́tẹ́. Bó bá wà níbẹ̀, má sá. Oògùn wà, ayé sì kù. Ẹ̀yin ará ìjọ, jíjẹun pọ̀ kì í kó HIV ranni, bíbọwọ́ kì í kó o ranni. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni sínú irọ́.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan tún wà tí Andrew kan kò lè bá ọ lọ. Níwájú Ọlọ́run, ìwọ fúnra rẹ ni wàá na apá. Kí ni wàá ní lọ́jọ́ náà bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ Jésù? Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ẹni tó ń pè ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n ti ka orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kejì, ìjọ sì dákẹ́. Ìwọ nìkan lo mọ ìdí. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, kó o sọ ọ́ fún Jésù lónìí.