Ohun Tó Ń Mì Nínú Etí Nímátù

"Ṣé ẹ gbọ́ ti ọmọ ilé Bákàrè… wọ́n ní nínú etí ẹ̀…"

"Lórí tẹlifíṣọ̀n ọsibítù kẹ̀, kedere báyìí ni…"

"Ó ń mì ni. Ẹ jẹ́ n dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe àlùjọ̀nú…"

Ọ̀rọ̀ náà ti yí àdúgbò Asawase ká kí Nímátù tó dé ilé kéwú. Hàjàrá, tí wọ́n jọ máa ń pín ẹní jókòó, dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí tìẹ má baà ràn mí," ló wí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Nímátù tẹ́ ẹní náà, òun nìkan ló sì jókòó lé e.

Wúlẹ̀mọ̀tù, aládùúgbò wọn tó ń ta wáákyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù lánàá nígbà tí Dókítà Akosua ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníná bọ etí Nímátù tó ń ṣọyún, tí inú etí náà sì hàn gbàgàdà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù yọjú, ó rí ohun dídán kan tó ń mì, ó sì gba ilé lọ láìdúró gbọ́ àlàyé.

Nígbà tí Nímátù délé, Ìyá Àgbà ti bu kẹrosíìnì sínú ṣíbí. Ìyá Nímátù, tó mú un lọ sí ọsibítù, ti jí lọ ra iṣu ní ọjà Techiman.

"Gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ọmọ mi. Ohun yòówù kó máa gbé ibẹ̀, yóò jáde lónìí."

"Ẹ yára, Ìyá," Wúlẹ̀mọ̀tù wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ojú mi yìí ló rí i. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí alángbá."

Wọ́n tọ́ Nímátù pé ọmọdé kì í já àgbà lóhùn. Nítorí náà ló ṣe dákẹ́ láti àárọ̀, tí irọ́ sì ń sanra. Nísinsìnyí, bí kẹrosíìnì yẹn bá wọ etí rẹ̀, ó lè má fi gbọ́ràn mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. N ò ní gbé orí sílẹ̀."

"Hàbà, ọmọ ìwòyí," Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Àgbà ń sọ̀rọ̀, ó ń jiyàn."

"Àǹtí Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ rí i, ẹ ò gbọ́ ọ. Ẹ sọ mí di ilé àlùjọ̀nú káàkiri àdúgbò, ẹ ò sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

Ojú Nímátù kò kúrò lára obìnrin náà.

Ìyá Àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wúlẹ̀mọ̀tù, àgbọ́ìgbọ́tán ní ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, kó má ròyìn. Ìwọ náà, Nímátù, ẹni tó mọ òótọ́ tó pa á mọ́ra, irọ́ ló gbè lẹ́yìn. Kí ni dókítà wí gan-an? Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

"Ó ní, 'Nímátù, hwɛ, wo tẹlifíṣọ̀n. Awọ inú etí rẹ nìyí, ihò kékeré wà lára rẹ̀. Ọyún ló ń gba ihò náà jáde. Ṣé o rí i tó ń mì? Bí ọkàn rẹ bá ṣe ń lù ló ń mì. Kò sí ohun abẹ̀mí kankan níbẹ̀. Mo ti ká a sínú fídíò, kí n lè wò ó, bí o bá padà wá, bóyá ihò náà ń dí. Oògùn tí mo fún ọ nìkan ni kí o máa kán sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan mìíràn sí i, ì báà ṣe ìyá tó bí ọ.'"

Ìyá Àgbà gbé ṣíbí náà, ó sì da kẹrosíìnì inú rẹ̀ padà sínú ìgò.