Orúkọ Ọkọ Tí Nùsírátù Kò Lè Pè

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún olè.

Nùsírátù, ìyàwó Gbádégẹṣin apẹja, ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé wọn ní Igbó Ẹfọ̀n. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ọ̀sà. Nítorí omi, ọwọ́ ìyàwó ló máa ń fi fóònù àti káàdì báńkì rẹ̀ méjèèjì sí: ti àtijọ́, tí ilé-iṣẹ́ aládàáni òkè òkun ń darí, àti tuntun, tí ìjọba wa dá sílẹ̀. Owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn ló wà ní báńkì.

Fóònù dún.

"Màmá, ọ́fíìsì ìjọba la ti ń pè. Ìjọba ti fagi lé káàdì òyìnbó. Bí a ò bá kó owó yín sínú káàdì ìjọba kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wọgbó nìyẹn."

"Yéè! Owó ẹ́ńjìnnì wa!"

"Ẹ fara balẹ̀. Orúkọ wo ló wà lára káàdì?"

"Ti ọkọ mi ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Èmi? Kí n lanu pe ọkọ mi lórúkọ? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa."

"Màmá, kọ̀ǹpútà ló fẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé Àkànní ni. Àkànní ọkọ mi, ọmọ atukọ̀ má wojú ìjì, ọmọ ẹja ńlá tí í fa àwọ̀n ya…"

"Ẹ dákun, ẹ fi orúkọ sílẹ̀! Ẹ ka nọ́mbà iwájú káàdì, kí ẹ wá ka nọ́mbà àṣírí."

Nùsírátù nu èéfín lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ti ka ìkẹfà nígbà tí Rẹ̀míláyọ̀ wọlé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Oníru, tí òun máa ń pè ní Eyínfúnjowó.

"Ìyàwó wa, ta lẹ̀ ń kà á fún?"

"Ìjọba ni!"

Rẹ̀míláyọ̀ já fóònù gbà, ó pa á.

"Háà, Eyínfúnjowó! Ẹ pa fóònù mọ́ ìjọba lẹ́nu!"

"Olè ni. Ìjọba wo ló ń béèrè nọ́mbà àṣírí?"

"Ó ní ká kó owó kúrò nínú káàdì kan sínú èkejì."

"Káàdì méjèèjì kì í ṣe orogún tí ń jìjà owó. Inú àkáǹtì lowó wà. Kọ́kọ́rọ́ méjì sí ilẹ̀kùn kan ni wọ́n. Bí ẹ bá fi ti ìjọba sanwó, ètò tó wà nílé níbí ló ń yanjú ẹ̀. Ti òyìnbó ń gba ọ̀nà tiwọn, ó sì wúlò fún ẹni tó ń rajà lókè òkun. Èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ lò."

"Oríkì ọkọ mi ló gbà wá nìyẹn?"

"Oríkì dá a dúró díẹ̀ ni. Ẹnu yín ti ń ṣílẹ̀kùn nígbà tí mo dé. Ẹ gbọ́: ìjọba o, báńkì o, kò sí èyí tó ń gba nọ́mbà àṣírí lórí fóònù. Ẹni tó bá ń kó yín láyà jẹ, ẹ pa fóònù mọ́ ọn, kí ẹ fẹsẹ̀ yín rìn dé báńkì. Bí nọ́mbà bá ti bọ́ lẹ́nu yín, ẹ ní kí wọ́n ti káàdì náà pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì kọ nọ́mbà àṣírí sára káàdì láé."

Nùsírátù rọra yí káàdì padà. Nọ́mbà àṣírí nìyẹn lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà, bírò òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé báńkì nísinsìnyí, ká yí nọ́mbà yìí padà kí Àkànní tó tọ̀sà dé."